Omi Tí Mo Dà sí Ọkà Rùkáyàt

Kí ẹnikẹ́ni tó tún bú Ṣàíbù níwájú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe. Rùkáyàt ìyàwó mi ti kú. A ti ṣe àdúà ogójì ọjọ́ rẹ̀, gbogbo ẹbí sì ti panu pọ̀ pé ìbànújẹ́ tí Ṣàíbù àbúrò rẹ̀ kó bá a ló pa á. Irọ́ ni. Ṣàíbù kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa ní Àgùdà mọ àwọn garawa ọ̀dà tí Rùkáyàt gbin ọkà bàbà sí, tó kún ẹ̀yìnkùlé wa. Obìnrin ilé kejì a máa nàgà lórí ògiri pé, "Ìyá Husnah, ẹ kúkú kó lọ sóko, kí ẹ fi Sùúrùlérè sílẹ̀ fún àwa ará Èkó." Rùkáyàt á ní, "Tí mo bá gbé ògì dé, ẹ ó mọ̀nà ilé wa." Tísà ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ní Ìgbẹ́tì, níbi tí Ṣàíbù ti ń dáko, òjò ti ń tètè dá, ọkà bàbà ìbílẹ̀ wọn sì máa ń pẹ́ kó tó gbó. Ọ̀gbẹlẹ̀ á ká a mọ́ inú oko nígbà tí orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Rùkáyàt fẹ́ ọkà tó máa tètè gbó, tó máa farada ọ̀gbẹlẹ̀, tí orí rẹ̀ á sì kún. Ó mú ti Ìgbẹ́tì, ó mú òmíràn tó kúrú tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú wá láti Òkè Ọya, ó gbọn ìyẹ̀fun òdòdó ọ̀kan sórí èkejì, ó fi àpò bébà bo orí rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé ti ìta wọ̀ ọ́. Ọmọ tí wọ́n bí ló ń gbìn lọ́dọọdún, tó ń ṣà.

Ìdánwò omi ló le jù. Ó fi páànù onírọ́bà ṣe òrùlé lé wọn lórí kí òjò Èkó má kàn wọ́n. Tí orí bá ti fẹ́ yọ, kò ní bomi rin wọ́n mọ́. "Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n o, Bàbá Husnah," ó wí fún mi. "Kí òùngbẹ gbẹ wọ́n. Èyí tó bá dúró ni mo fẹ́." Nígbà àkọ́kọ́, gbogbo wọn kú. Ó jókòó tì wọ́n, kò jẹun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Nígbà kejì, tí ewé wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká bí ẹní, mo jáde lọ ṣe àlùwàlá àsùbáà. Omi ṣẹ́kù sínú búútà. Mo dà á sí garawa tó sún mọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, mo dìídì pọn búútà kún nítorí wọn, mo sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Kí oòrùn tó yọ, iyẹ̀pẹ̀ ti fà á mu. Mo máa ń sọ fún ara mi pé àánú ni. Àánú wà níbẹ̀, àmọ́ òun nìkan kọ́. Inú ariwo Ládìpọ̀, níbi tí mo ti ń ta pátì mọ́tò, ni mo ti ń bọ̀ lójoojúmọ́. Mo fẹ́ kí ilé tutù. Mo fẹ́ kó ṣe é tán kó padà wá jókòó tì mí. Garawa kan péré ni omi mi kò dé. Ó wà láàárín tánkì àti ògiri, ọwọ́ mi kò gùn tó o.

Àwọn yòókù tutù yọ̀yọ̀, orí wọn wú. Rùkáyàt fà mí lọ́wọ́ jáde. "Ẹ wò wọ́n, Bàbá Husnah. Láìsí omi o." Mo ní, "O gbìyànjú." Ó fi irúgbìn ránṣẹ́ sí Ṣàíbù. Lọ́dún àkọ́kọ́, òjò rọ̀ dáadáa, ọkà náà ṣe. Lọ́dún kejì, Ṣàíbù fi ti ìbílẹ̀ sílẹ̀, ó fi tiwa gbin gbogbo oko. Òjò dá. Ó pè: "Àǹtí mi, ó ti kú. Gbogbo ẹ̀." Rùkáyàt ní, "Kò lè kú. Ó ṣojú mi. O ta irúgbìn mi, o lọ ra ti ọjà gbìn." "Àǹtí, mo fi Kùránì búra." "Má fi Kùránì búra fún mi, ìwọ tí mo gbé pọ̀n." Ó yíjú sí mi. "Bàbá Husnah, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ṣé kò dúró láìsí omi?" Mo ní, "Ó dúró." Mo tún gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ṣàíbù, má pe ẹ̀gbọ́n rẹ mọ́ títí wàá fi sọ òótọ́." Èmi ni mo ń bèèrè òótọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Rùkáyàt kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Lórí àìsàn, á ní, "Ọmọ ìyá mi ló dalẹ̀ mi." Mo ń nu ojú rẹ̀. Nígbà ìsìnkú, ẹ̀bá géètì ni Ṣàíbù dúró sí, ẹnì kankan kò fún un ní àga. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó bá ìbínú mi lọ." Mo ní, "Ó ti lọ náà nìyẹn."

Ó ku ohun kan, òun ló burú jù. Lọ́jọ́ tí Rùkáyàt kórè, ó fa garawa ẹ̀yìn tánkì jáde. Ọkà inú rẹ̀ kúrú, orí rẹ̀ mọ níwọ̀n, àmọ́ ewé rẹ̀ kò kú, ó sì ti gbó ṣáájú gbogbo wọn. "Eléyìí ò tó àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀," ó ní. "Ẹ wo bó ṣe rí tín-ín-rín." Mo wò ó. Mo mọ̀ pé òun nìkan ni kò mu omi. Òun lohun tó ti ń wá láti ọdún yìí wá, mo sì dákẹ́. Ó fọwọ́ ra á, ó dà á mọ́ ọkà tó rẹ fún ògì. Nígbà tó gbé ògì náà dé, mo mu ún tán, mo sì ní kó bu sí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, tí ìyàwó yín bá ń sunkún lórí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ jókòó tì í. Ẹ má yọ́ kẹ́lẹ́ bá a ṣe é. Ṣàíbù, dárí jì mí. Mi ò rí ẹ̀gbọ́n rẹ bẹ̀ mọ́, ìwọ ló kù. Ìyókù irúgbìn tí ọkà méjèèjì yẹn bí, èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ kò tíì dán wò, wà nínú ìgò nínú fíríìjì wa. Wá kó o. Gbìn ín síbi tí ọwọ́ mi kò lè dé.