Téèpù Tí Mo Pààrọ̀ Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Múfú

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dópin kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Ó ti lé lógún ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mo rò pé màá kú pẹ̀lú ẹ̀ ni. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, alága ẹgbẹ́ àdúgbò wa mú lẹ́tà wá sílé fún mi. Wọ́n fẹ́ fún mi ní àmì ẹ̀yẹ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀? Pé nígbà tí mo ní ṣọ́ọ̀bù fídíò, mi ò fìgbà kan gbé fíìmù ìdọ̀tí wọ ilé ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni. Èmi gan-an ni mo gbé e wọlé.

Ìsàlẹ̀ Gángan ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń yá àwọn èèyàn ní fíìmù nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì lòde. Ọkọ mi ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tún kásẹ́ẹ̀tì ṣe bí ẹ̀rọ bá jẹ téèpù inú rẹ̀. Wọ́n á tú àwọn nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á gé ibi tó bàjẹ́, wọ́n á lẹ ìyókù pọ̀, wọ́n á sì dè é padà. Nígbà tí ọkọ mi kú, èmi nìkan ló kù tó mọ iṣẹ́ yẹn láti ilé wa títí dé Èbúté Èrò. Gbogbo àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù fídíò ló ń gbé kásẹ́ẹ̀tì wọn wá bá mi.

Múfú wà lára wọn. Ojúlé mẹ́ta péré ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti tèmi. Mo dàgbà jù ú, ó sì máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi láràárọ̀. Bí oníbàárà bá béèrè fíìmù tí mi ò ní, màá ní kó lọ wò ó lọ́dọ̀ Múfú. Òun náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.

Àfi ìgbà tí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta fíìmù dé. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ fíìmù rẹ̀. Gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń retí fíìmù náà. Ó bá Múfú tọwọ́ bọ̀wé pé fún oṣù mẹ́ta gbáko, ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè yá a ní gbogbo agbègbè wa. Wọ́n gbé pátákó gbàgàdà kọ́ sókè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: ỌDỌ MUFU NIKAN. Nìkan! Kí ni kí èmi wá máa tà? Àwọn oníbàárà mi láti ọjọ́ pípẹ́ ń gba iwájú mi kọjá, wọn ò tiẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo wà. Mo lọ bá ọ̀gbẹ́ni náà. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi opó. Ó ní, "Mádàámù, a ti sáìnì. Ẹ máa lọ ilé yín." Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, inú ṣì ń bí mi sí i.

Ohun tó tún bí mi nínú ni pé oríṣi méjì ni fíìmù náà. Èyí tí wọ́n ti gé ibi tí kò dáa kúrò nínú rẹ̀ ni wọ́n ń kó fún àwa níbí. Èyí tí wọn ò gé rárá ni ọ̀gbẹ́ni yẹn kan náà ń tà fáwọn tó wà lókè òkun. Àbúrò mi obìnrin gbé ọ̀kan bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Nínú tiwọn, ọkùnrin kan àti obìnrin kan wà nínú balùwẹ̀, kò sí òwú kankan lára wọn, wọn ò sì tètè jáde. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e pamọ́.

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, Múfú sáré wọlé wá bá mi.

"Ìyá Túnjí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ẹ̀rọ ti jẹ kásẹ́ẹ̀tì fíìmù tuntun yìí, agboolé Baba Ààfáà sì ti ní àwọn fẹ́ wò ó lọ́la."

Mo ní kó fi sílẹ̀, kó padà wá nírọ̀lẹ́.

Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa nígbà yẹn á mọ̀ pé ẹnì kan ló ń yá fíìmù, gbogbo agboolé ló ń wò ó. Wọ́n á gbé tẹlifíṣọ̀n sí gbàgede, àwọn àgbà á jókòó sórí àga níwájú, àwọn ọmọdé á wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní purọ́ fún yín pé mi ò mọ̀. Mo tú kásẹ́ẹ̀tì Múfú, mo yọ téèpù inú rẹ̀, mo fi ti Lọ́ńdọ̀nù rọ́pò rẹ̀, mo sì dè é padà. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ gbagidi. Nígbà tó wá gbà á, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ mi rọ. Mo ṣe àmín.

Lọ́jọ́ Iléyá, ẹran tí wọ́n gbé wá fún mi láti agboolé náà ni mò ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ariwo. Wọ́n ní àwọn ń wá rìmóòtù ni àwọn ò fi tètè pa á. Rìmóòtù wo? Ṣé tẹlifíṣọ̀n yẹn ò ní bọ́tìnnì ni? Wọ́n wò ó tán pátá kí ẹnikẹ́ni tó pariwo! Múfú ni wọ́n wá dìde sí. Wọ́n ní kó fi Kùránì búra pé ọwọ́ òun mọ́.

Ká ní òpùrọ́ ni, ì bá búra. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó fún mi pọ̀, mi ò wo gbogbo wọn. Mi ò lè búra." Bí wọ́n ṣe dá a lẹ́bi nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni tó ta fíìmù ní òun ò ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí láyé òun, ó sì wá kó ẹrù rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń pe Múfú ní Múfú Oníhòòhò. Wọ́n fi àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé kéwú títí ìyàwó rẹ̀ fi yọ wọ́n kúrò. Kò dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni, torí pé kò fìgbà kan fura sí mi. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó kó lọ. Èmi ni mo gba àwọn oníbàárà rẹ̀.

Lónìí, fíìmù yẹn, èyí tí wọn ò gé, wà lórí fóònù tẹrú-tọmọ. Àwọn ọmọ ọmọ àwọn tó lé Múfú ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Alága tó mú lẹ́tà wá fún mi yìí wà lórí àga iwájú lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Múfú. Ẹ wo ìwà ìkà! Àmọ́ ta ni mò ń bá wí? Àwọn kàn wòran ni, èmi ni mo tú nọ́ọ̀tì.

Lánàá, mo lọ sí Èbúté Èrò, níbi tó ti ń ta ẹ̀wà báyìí, kí n lè jẹ́wọ́ fún un. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Síbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi láàárín ọjà.

"Mo ti gbọ́ nípa àwọ́ọ̀dù yín, Ìyá Túnjí," ó ní. "Inú mi dùn gan-an. Ká ní mo máa ń yẹ kásẹ́ẹ̀tì mi wò bíi tiyín ni, kò sí ohun tó máa ṣe mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é."

Mo ra ẹ̀wà, mo padà sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Téèpù tí mo yọ ṣì wà nínú àpótí mi. Bí mo bá lọ jẹ́wọ́ fún òun nìkan lọ́jà, orúkọ rẹ̀ á ṣì bàjẹ́ ní àdúgbò. Bí mo bá sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ Sátidé, Túnjí ọmọ mi á wà níbẹ̀, àwọn àna rẹ̀ náà á wà níbẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Mo ti dákẹ́ tó.

Ẹ tètè dá mi lóhùn. Múfú ò tíì fẹsẹ̀ tẹ àdúgbò wa láti ọjọ́ tó ti kó lọ, àmọ́ ó ní òun á wá lọ́jọ́ Sátidé, òun á sì jókòó síwájú, kí n lè rí òun bí òun bá ń pàtẹ́wọ́ fún mi.