Ohun Tí Mo Gé Kúrò Nínú Fọ́tò Kafilatou

Ẹ̀yin ará ilé Wassiou, ẹ bá mi dákẹ́ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́tàlélógún, bí mi ò bá sì sọ ọ́ lónìí, yóò bá mi wọ sàréè. Dókítà ti sọ ibi tí àìsàn mi dé fún mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù ikú nìkan ló gbé mi wá. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ló rán mi.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Amidou ayafọ́tò, ọ̀rẹ́ Wassiou láti kékeré. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni bí mo ṣe fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn tó. Ojú kámẹ́rà àtijọ́ ni mo ń lò, àwọn onírin wúwo tí òyìnbó ti lò gbó, tí mo ń lọ ṣà ní Kútọnu. Wọn kì í dá ríran fúnra wọn, ọwọ́ ni a fi ń yí wọn. Èèyàn á dà bíi kùrukùru níwájú rẹ, wàá máa fi ìka yí òrùka rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lójijì irun ìpéǹpéjú rẹ̀ á yọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Inú mi a máa dùn débi pé mo ń gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan wà nínú wọn tó gùn bí apá ọmọdé. Ojú gígùn ni mo ń pè é. Ẹni tó wà lókèèrè, á fà á súnmọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó ní àrékérekè kan: bí èèyàn méjì bá dúró jìnnà síra, tí ọ̀kan wà lẹ́yìn èkejì, á pa wọ́n pọ̀ bí ẹni pé wọ́n fara kanra. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Lọ́dún 1996, ọdún ìdìbò, ayafọ́tò kan tó ń jẹ́ Karimou dé láti Parakou pẹ̀lú kámẹ́rà tó ń dá ríran fúnra rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó parí. Ìkómọ, òun ni. Ìgbéyàwó, òun ni. Àwọn oníbàárà mi ń sọ lójú mi pé, "Tonton, ẹ̀ ń pẹ́ jù, Karimou ń ṣe tiẹ̀ vite vite, kíákíá." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra ọkùnrin tí kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Lásìkò náà, Wassiou ń ra kajú kiri Bétérou, ó máa ń lo ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin lórí alùpùpù. Kafilatou, ìyàwó rẹ̀, ń ta iṣu díndín ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ọkàn Wassiou kì í balẹ̀. Ó máa ń bi mí pé, "Amidou, ìwọ tó wà nílé, ta ní ń pẹ́ nídìí iṣu ìyàwó mi?" Ọ̀rẹ́ tòótọ́ ì bá ní kò sí. Èmi á mi orí, mà á ní, "Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀." Ẹ wo bí mi-ò-fẹ́-sọ̀rọ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ tó! Ó wá débi pé, tó bá ti Bétérou dé, ó ń gbóòórùn ìborùn ìyàwó rẹ̀, ó ń ṣọ́ ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé ojú gígùn lọ sí ibùdókọ̀ náà. Mo dúró ní nǹkan bí ọgọ́ta ìṣísẹ̀. Kafilatou wà ní ìhín ojú irin, ó ń yí iṣu nínú epo. Karimou wà ní ọ̀hún, ó ń dúró de ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ṣábẹ̀. Ojú irin là wọ́n láàrin. Mo wo inú kámẹ́rà: àwọn méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra. Mo dín ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé kù, kí ẹni iwájú àti ẹni ẹ̀yìn lè mọ́ kedere bákan náà. Mo dúró. Nígbà tí Karimou tẹrí ba láti wo bàtà rẹ̀, tí Kafilatou sì ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà kan tí kò sí nínú fọ́tò, mo tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán, ó dà bíi pé ẹnu Karimou wà létí rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ tó ń sọ sì ń dùn mọ́ ọn. Ojú irin nìkan ló kù tó lè tú àṣírí mi. Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé ìsàlẹ̀ fọ́tò náà kúrò, mo gbé ìyókù fún Wassiou.

Inú àgbàlá yìí náà ló ti fi han Àlájì Alidou, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jókòó yẹn. Kafilatou lóyún oṣù mẹ́ta. Ó wo fọ́tò náà pẹ́, kò sunkún. Ó yíjú sí mi. "Tonton Amidou, ẹ̀yin lẹ yà á. Níbo lẹ dúró sí? Níbo ni ọkùnrin yẹn dúró sí? Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ sọ fún wọn."

Àlájì ní, "Amidou, dáhùn."

Mo ní, "Fọ́tò kì í purọ́."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Kafilatou di ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ṣábẹ̀. Wassiou ní oyún náà kì í ṣe tòun. Àwọn ọ̀dọ́ sọ òkò fọ́ fèrèsé Karimou, òun náà kó lọ. Àwọn oníbàárà mi padà. Mo ń jẹun, mo ń sùn. Èèyàn burúkú ni mí.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú jù? Rárá. Lọ́dún méje sẹ́yìn, nígbà tí Wassiou dùbúlẹ̀ àìsàn, ó ní kí gbogbo èèyàn jáde, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Amidou, wọ́n ní ọmọ Ṣábẹ̀ yẹn jọ mí. Wọ́n ní bí mo ṣe ń rìn ló ń rìn. Mo fẹ́ ránṣẹ́ pè é, ṣùgbọ́n fọ́tò yẹn ò jẹ́. Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé bí mo ṣe rí i náà ló rí?" Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún mi. Mo wo ojú ọ̀rẹ́ mi. Mo ní, "Bí o ṣe rí i náà ni." Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Kò dárúkọ ọmọ náà mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó kú.

Oṣù tó kọjá, mo lọ bá Kafilatou. Mo wólẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo gbé nẹ́gátíìfù rẹ̀ fún un, nítorí mi ò jó o, mi ò sì mọ ìdí tí mi ò fi jó o. Ó gbé e sókè sí oòrùn, ó wò ó títí. Ó ní, "Ta lẹ ti sọ fún?" Mo ní òun ni àkọ́kọ́. Ó ní, "Èmi mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn tó jókòó lágbàlá lọ́jọ́ yẹn ni kò mọ̀. Ẹ lọ sọ fún wọn." Kò ní kí n dìde.

Èyí tó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ láàrin yín yìí, odindi fọ́tò náà ni, tí a fọ̀ láti inú nẹ́gátíìfù yẹn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo irin méjèèjì tó là wọ́n láàrin. Ẹ̀yin ọmọ tó ń fi fóònù ya ohun gbogbo, ẹ máa béèrè ibi tí ẹni tó yà á dúró sí. Bí ẹ bá sì máa fura, ẹni tó fi ìdùnnú gbé ẹ̀rí wá ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Mi ò tíì ní kí ẹ dárí jì mí. Ìyẹn lè dúró. Djibril, ọmọ Kafilatou, ló tẹ̀ lé mi wá. Ó wà níta lẹ́bàá alùpùpù rẹ̀, ó ní òun ò ní wọ ilé tí wọn ò pe òun sí. Àlájì, ọmọ àbúrò yín ni. Ẹ pè é wọlé.