Ọkọ̀ Ẹgbẹ́ Ni Kò Jẹ́ Kí Màmá Mi Bá Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Láàyè

Ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin èèyàn mi, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ bẹ́ mi nínú. Láti ìgbà tí a ti dé láti ilẹ̀ Gánà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò sọ̀rọ̀ ire síra wa mọ́. Màmá wa, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi níhìn-ín ní Òmù-Àrán, kò fẹ́ gbọ́ ìrìn-àjò sétí. Inú ń bí mi. Mi ò ní í parọ́ fún yín, inú ń bí mi gan-an ni.

Gánà ni wọ́n ti bí Màmá, nígbà tí àwọn ará Ìgbómìnà ń ṣòwò níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn àjèjì kó ẹrù wọn, Màmá bá àwọn òbí rẹ̀ wálé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tó pọ̀n ọ́n dàgbà, ti lọ́kọ ní Tàmálè, kò lè wá. Láti ọjọ́ náà, ojú ò kan ojú mọ́ àfi lórí fóònù. Lọ́dún tó kọjá ni ara ìyá àgbà yìí kò le mọ́. Ó ní, "Àbúrò mi, tètè wá kí n fọwọ́ kàn ọ́." Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní í gbéra?

Èmi ní ká dá lọ: ká wọ bọ́ọ̀sì láti Èkó dé Ákrà, ká wọ òmíràn lọ sí Tàmálè, ká máa sinmi níbi tí orúnkún Màmá bá ti ní ká sinmi. Ẹ̀gbọ́n mi, tó wà ní Kánádà, fárígá. Ó ní àwọn aṣọ́bodè yóò yọ wá lẹ́nu, àti pé ta ni yóò gbé Màmá bó bá ṣàárẹ̀ lọ́nà? Ó ní ọkọ̀ ńlá kan wà tó ń gbé àwọn arìnrìn-àjò kiri ilẹ̀ Áfíríkà, tó ní àgọ́ àti ohun ìdáná, tí yóò sì gba Tàmálè kọjá. "Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí," bẹ́ẹ̀ ló wí. Òun ni àkọ́bí. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Mi ò ní í purọ́ mọ́ àwọn tí a jọ lọ. Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ọ̀dọ́ Èkó díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè kò dà wá láàmú rárá, torí olórí ìrìn-àjò ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. A máa ń dáná ní ìpín-ìpín. Nígbà tó kan Màmá, ó din ọ̀jọ̀jọ̀ fún wọn, wọ́n jẹ ẹ́ pọ́nnu lá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń gbàdúrà fún wọn láràárọ̀.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò mọ̀ pé ẹnì kan ń retí wa! Ó dé etí òkun, ó dúró. Ó dé ọjà iṣẹ́ ọnà, ó tún dúró. Nígbà tí a dé Kùmásí, olórí ní ká nawọ́ dìbò: ṣé ká lọ sí Tàmálè tààrà, àbí ká kọ́kọ́ yà lọ wo erin nínú igbó? Mo dìde, mo ṣàlàyé pé ẹ̀gbọ́n Màmá ń kú lọ. Wọ́n káàánú, wọ́n gbá Màmá mọ́ra, wọ́n sì nawọ́ sí erin. Bí mo ti wẹ̀yìn báyìí, Màmá náà nawọ́! "Màmá, kí lẹ ṣe yìí?" Ó ní, "Gbogbo wọn ti fẹnu kò. Èmi tí mo dàgbà jù, ṣé èmi ni màá wá tú àwùjọ ká? A kì í fi ẹni tí a jọ jáde sílẹ̀ lójú ọ̀nà." Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká sọ̀ kalẹ̀, ká wá ọkọ̀ tiwa. Ó kọ̀ jálẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, ẹni tó bá ẹgbẹ́ jáde kò gbọdọ̀ da ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ wo?

Etí omi tí àwọn erin ti ń wẹ̀ la wà nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá pè wá pé ìyá òun ti kú. Mùsùlùmí ni wọ́n. Kí a tó dé, wọ́n ti sin ín. Ọmọ náà ní títí ẹ̀mí fi bọ́ lẹ́nu ìyá òun ló ń bi àwọn pé, "Ọkọ̀ wọn dà?" Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sunkún. Èmi ni mo sunkún.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má dá òun lẹ́bi, pé Màmá fọwọ́ ara rẹ̀ dìbò. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó tún ránṣẹ́ pé ọkọ̀ náà ń lọ sí Gúúsù Áfíríkà, pé kí Màmá bá wọn lọ kó lè gbàgbé ìbànújẹ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n dá a lóhùn ni, àbí kí n dákẹ́? Bí a bá ń sunkún, a sì máa ń ríran: ọkọ̀ ẹgbẹ́ kò burú fún ẹni tó fẹ́ wo erin. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń fojú sọ́nà fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá lọ. Nígbà tí mo jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi fún Màmá, kò bínú. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ta ló ń retí mi níbẹ̀?"