Mo Ń Kọ̀wé Nígbà Tí Àbúrò Mi Ń Kú Lọ

Bí mo bá wọ ìjọ wa lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ìyá tó tó bí mi lọ́mọ á kúnlẹ̀. Wọ́n á ní, "Ìyá Aríran, ẹ gbàdúrà fún wa." Mo máa ń gbé ọwọ́ lé wọn lórí, wọ́n á sì máa ṣe àmín, ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ bí mo ṣe di aríran. Ẹni bá rí mi nínú sùtánà funfun mi á ní ẹni Ọlọ́run nìyí. Ẹni Ọlọ́run kẹ̀! Èmi tí mo kúnlẹ̀ ti ọmọ ìyá mi, tí ẹ̀mí ń bọ́ lára rẹ̀, tí mo mú bírò, tí mo ń kọ̀wé! Ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di oṣù tó kọjá. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín látòkèdélẹ̀, kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Thamesmead ni mò ń gbé nígbà yẹn, èmi àti arábìnrin kan nínú ìjọ la jọ ń lo yàrá kan. Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ni mò ń ṣe. Àbúrò mi, Bọ́lá, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà láti wá kọ́ ìmọ̀ òfin ní yunifásítì, ọ̀dọ̀ mi náà ló sì ń sùn, lórí ìtẹ́lẹ̀. Nígbà tó di ìparí ọdún 2010, ọkọ arábìnrin yìí rí físà gbà, ó ń bọ̀ láti Èkó. Ta ló máa sọ fún un kó wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀? Àwa la ní láti kó jáde. Ọlọ́run ló ní ká rí àánú gbà. Bàbá òyìnbó kan tí mò ń tọ́jú ti gbé inú ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọṣẹ́, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi gbé e wá sílé tirẹ̀ ní Thamesmead. Ọmọ náà ló ní ká lọ máa gbé inú ọkọ̀ ọ̀hún títí ìgbà òtútù á fi lọ, ká ṣáà máa dáná sí i lójoojúmọ́, torí bí kò bá sí iná níbẹ̀, omi inú páìpù á dì, páìpù á sì bẹ́.

Thamesmead ní kánáàlì tirẹ̀, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, níbi tí pẹ́pẹ́yẹ ti ń ṣeré, ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ yẹn kì í gbabẹ̀. Orí kánáàlì mìíràn, ní òdìkejì odò Thames, ni ọkọ̀ tiwa wà. Ní àràárọ̀, mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì méjì, màá tún wọ férì sọdá sí Woolwich, kí n tó dé ibi iṣẹ́. Ọkọ̀ náà gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àwọn bàbá wa, ṣùgbọ́n bí mo bá na apá mi méjèèjì, ọwọ́ mi á kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. Ibùsùn wà níbẹ̀, ilé ìdáná wà, ààrò onírin kékeré kan tó ń jẹ èédú sì wà láàárín. Bọ́lá kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Sister mi, ẹ ò sọ fún mi pé inú pósí la fẹ́ máa gbé." A rẹ́rìn-ín, mo sì ní kó yé fi ẹnu burúkú sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni òtútù dé. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí wa sí, etí ọ̀sà la dàgbà sí. Mo mọ omi tó ń ṣàn, mo mọ omi tó ń bínú, ṣùgbọ́n mi ò rí i rí kí omi dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, kánáàlì ti di òkúta láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Pẹ́pẹ́yẹ méjì ń rìn lórí omi, ẹsẹ̀ wọn ń yọ̀. Pétérù pàápàá ò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀! Oòrùn yọ, gbogbo ojú omi sì ń dán títí tí mo fi bo ojú mi. Bí a bá gbẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀, yìnyín tó dì í mú á ké, ohùn tó tínrín, á máa sáré lọ lábẹ́ wa títí á fi dé abẹ́ afárá. Bọ́lá di ọwọ́ mi mú. "Sister mi, ṣé ẹ gbọ́ yẹn? It's like the water is talking." Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Mo ní, Olúwa, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ mà pọ̀ o! Ẹ̀rù bà mí, ó sì dùn mọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti ń gbàdúrà, mi ò tíì súnmọ́ Ọlọ́run tó ọjọ́ yẹn.

Àmọ́ ẹwà ò ní kí òtútù má pani. Tílẹ̀ bá mọ́, bùláńkẹ́ẹ̀tì wa á ti lẹ̀ mọ́ ògiri, yìnyín ló lẹ̀ ẹ́. Òyìnbó onírùngbọ̀n kan tó ń jẹ́ Dave ló ń gbé inú ọkọ̀ tó tẹ̀lé tiwa. Lọ́jọ́ tí a dé, ó fi àwọn ihò atẹ́gùn hàn mí, mẹ́ta lókè àjà, méjì nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ó ní kí n má dí wọn láéláé. Mo ní, "Yes, thank you." Nínú mi, mo ní, ta ló ń yáná tó tún ń ṣílẹ̀kùn fún òtútù? Mo lọ sí ọjà Beresford Square ní Woolwich, mo ra táwẹ́ẹ̀lì, mo gé e wẹ́wẹ́, mo sì fi ọ̀bẹ kì í sínú ihò wọ̀nyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí atẹ́gùn kankan ò fi wọlé mọ́. Ṣé kí n sọ pé mi ò mọ̀ ni? Wọ́n kúkú sọ fún mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù nìyí. Ní ìjọ wa, tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Nathan Way, èmi ni akọ̀wé ìran. Bí ẹ̀mí bá gbé ẹnìkan, a kì í fọwọ́ kàn án. Akọ̀wé á kúnlẹ̀ tì í, á máa kọ gbogbo ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde. Bó jẹ́ ikọ́ ló wú, akọ̀wé á kọ ọ́! Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ ìran ẹlòmíràn, ojú ń ro mí, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó fi tèmi náà hàn mí. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí mo dí àwọn ihò yẹn, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Màá jókòó ti ààrò, màá máa rí ìmọ́lẹ̀, màá máa gbọ́ orin. Bí mo bá dé ibi iṣẹ́ ní Thamesmead, gbogbo rẹ̀ á lọ, ẹ̀fọ́rí nìkan ló máa kù. Mo wá gbà pé òkè àdúrà ni ọkọ̀ yẹn. Mo sọ fún wòlíì wa, ó yọ̀, ó ní Ọlọ́run ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi. Inú mi dùn dé ibi tí mo fi sunkún.

Bọ́lá ò rójú yọ̀. Wọ́n ti gba ìsinmi Kérésìmesì ní ilé ìwé, inú ọkọ̀ ló ń wà láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ó ní, "Sister mi, orí ń fọ́ mi gan-an, mi ò lè kàwé, everything is just turning." Kí ni mo sọ fún un? Mo ní ẹ̀mí ló fẹ́ lò ó, ó ń bá a jà ni. Mo ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbà, torí pé èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́!

Sátidé ni, ọjọ́ kejì ààwẹ̀ rẹ̀. Mo dé láti ibi iṣẹ́ àárọ̀, orí mi pé pérépéré, atẹ́gùn òde ṣì wà ní imú mi. Mo bá Bọ́lá nílẹ̀ láàárín ibùsùn àti ààrò, ojú rẹ̀ ṣí díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Mo bọ́ bàtà. Mo fi gèlè borí. Mo mú ìwé ìran jáde nínú báàgì mi, mo kúnlẹ̀, mo kọ aago tó lù. Ó ní, "Sister mi." Mo kọ ọ́. Ó tún ní, "Ẹ gbé mi. Ẹ gbé mi síta." Mo kọ ìyẹn náà, pẹ̀lú àmì lórí rẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀mí ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe Bọ́lá. Mo kọ ojú ewé kan tán, mo ṣí òmíràn. Nígbà tí kò sọ nǹkan kan mọ́, mo dúró, bírò wà lọ́wọ́ mi, mò ń retí ọ̀rọ̀ tó kù.

Dave ló kan ilẹ̀kùn, ó fẹ́ bi wá bóyá èédú wa ṣì kù. Ó yọjú wọlé, ó sì pariwo. Ó fò mí dá, ó fa Bọ́lá láti abẹ́ apá, ó wọ́ ọ jáde sórí yìnyín etí kánáàlì, ó ní kí èmi náà jáde kíá. Ó padà wọlé, mo rí i tó ń fa táwẹ́ẹ̀lì mi yọ nínú ihò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì wo ojú mi. Ánbúláǹsì dé. Ní ọsibítù, dókítà sọ fún mi pé èéfín èédú kan wà tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, pé òun ni à ń mí símú láti ọjọ́ yìí. Òun ni ìmọ́lẹ̀ mi. Òun ni orin mi! Ó bi mí pé ó ti tó ìgbà wo tí mo ti wà lọ́dọ̀ Bọ́lá kí wọ́n tó gbé e jáde. Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni.

Ẹ̀mí Bọ́lá ò bọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ohun tó bá kà láàárọ̀ ń fò lọ lórí rẹ̀ kó tó di ọ̀sán, ọwọ́ rẹ̀ òsì sì ń gbọ̀n di òní. Ó fi ìwé òfin sílẹ̀. Ilé ìwé àwọn ọmọdé kan ní Abbey Wood ló ń gbá báyìí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ padà wá sí ìjọ, ó dìde nígbà ẹ̀rí, ó ní àdúrà ẹ̀gbọ́n òun ló fa òun yọ lọ́wọ́ ikú, ó sì kúnlẹ̀ fún mi níwájú gbogbo ènìyàn. Ìjọ hó yèè. Wọ́n ní èmi náà ti ń ríran láti inú ọkọ̀ náà wá, wọ́n fi mí jẹ Ìyá Aríran. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, mo gbà á!

Ní oṣù tó kọjá, èmi àti Bọ́lá jókòó sórí ògiri àwókù ilé ìsìn àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Lesnes Abbey. A kò gbọ́ ariwo kankan, bí ọjọ́ tí omi dúró. Bóyá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló là mí lẹ́nu, mi ò mọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ihò tí mo dí, ìwé tí mo kọ, irọ́ tí mo pa fún dókítà. Bọ́lá ń bó ọsàn, kò dáwọ́ dúró.

Ó ní, "Mo mọ̀, Sister mi. Mo ń gbọ́ bírò yẹn. Mi ò kàn lè gbé ọwọ́ mi ni."

Ọdún mẹ́jọ! Mo bi í pé kí ló dé tó fi wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójú ìjọ. Ó ní, "Kí n wá sọ pé kí ni? Ẹ̀yin nìkan ni mo ní níbí. Tí mo bá sọ ọ́, I will lose you too." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo ní kó sọ ohun tó bá fẹ́ kí n ṣe, màá ṣe é, àní bó bá jẹ́ kí n dìde níwájú ìjọ kí n bọ́ oyè yẹn sílẹ̀. Ó ní ti ìjọ kò kan òun, ẹ̀rí-ọkàn mi ló kàn. Ó pín ọsàn náà sí méjì, ó fi ìdajì lé mi lọ́wọ́.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún ìjọ, kí ìgbàgbọ́ àwọn tó ń kúnlẹ̀ fún mi má baà dúró lórí èéfín? Àbí kí n dákẹ́, nítorí ìtìjú tí yóò bá Bọ́lá, tó ti jẹ́rìí fún mi níwájú wọn? Lálaalẹ́ ni mò ń rò ó. Ohun tó yé mi kò ju ẹyọ kan lọ, ẹnu Bọ́lá ni mo sì ti gbọ́ ọ, nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀. Ó di apá mi mú nítorí ilẹ̀ ń yọ̀, ó ní, "Sister mi, tí mo bá tún ṣubú, ẹ má gbàdúrà o. Ẹ kọ́kọ́ gbé mi."