Ìdágbére Chirutha, Ẹni Tó Ń Wẹ Ìyá Ìkókó ní Kunnathara

Alága wa, Olùkọ́ Sankunni, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ kí. Bàbá yín ló lé mi kúrò ní kíláàsì kejì, ó ní orí mi kò gba ìwé. Lónìí, ọmọ rẹ̀ ló jókòó tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ bá mi kí i níbi tó wà.

Dókítà Hemalatha, ọ̀gá ilé ìtọ́jú wa, ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi wẹ̀ kó tó di ọ̀gá mi, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà Kunnathara, lọ́kùnrin lóbìnrin, mo wólẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin ìyá ìkókó tí ẹ fi aṣọ wé etí nítorí atẹ́gùn, mo kí yín. Ẹ̀yin ọkọ wọn tí ẹ dúró lẹ́yìn, tí ẹ kò mọ ibi tí ẹ máa fara sí, mo kí ẹ̀yin náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo fi wẹ ìyá ìkókó nílé yìí. Ẹ wo ọwọ́ mi, òróró yánmọtí ti wọ egungun rẹ̀. Bí ẹ bá dì mí lójú, tí ẹ ní kí n fọwọ́ kan ẹ̀yìn obìnrin, n óò sọ iye ọmọ tó bí, n óò sì sọ èyí tó fẹ́ràn jù nínú wọn. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ lọ bi àwọn ìyá yín. Dókítà wa kàwé ìṣègùn ìbílẹ̀ Ayurveda fún ọdún gbọọrọ, àmọ́ nígbà tí òun náà bímọ, ta ló ránṣẹ́ pè? Ṣé ìwé ló wẹ̀ ẹ́ ni? Èmi Chirutha ni.

Igi ìdáná ni mo ń rù wá tà fún bàbá Dókítà, oníṣègùn àgbà. Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó máa ń wẹ àwọn ìyá ìkókó kò wá sí iṣẹ́. Bàbá yọjú, wọ́n ní, "Ìwọ onígi yìí, ṣé o lè gbé ìkòkò omi gbígbóná?" Mo ní, "Bàbá, mo lè gbé ìkòkò, mo sì lè gbé ẹni tó ni ín lé e." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Bí mo ṣe wọlé nìyẹn, n kò tíì jáde àfi lónìí.

Bàbá náà ló kọ́ mi pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ dà bí ilé tí àlejò ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, atẹ́gùn ń wọlé. Bí atẹ́gùn bá gun orí, ẹkún dé, àìsùn dé, ìpayà dé. Nítorí náà ni a ṣe ń fi òróró gbígbóná pa á lára, tí a ń fi omi ewé wẹ̀ ẹ́, tí a ń fún un ní ògì ìrẹsì pẹ̀lú áyù, tí a kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ kankan títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé. Bàbá ní ara àti ọkàn, inú yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ta ni ì bá gba ọmọ onígi sílé, kó sì fi iṣẹ́ iyì lé e lọ́wọ́?

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Devaki, ẹni tó ń se ewé. Aráyé a máa báni lá ọwọ́ epo, wọn kì í báni lá ọwọ́ ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n Devaki bá mi lá méjèèjì. Òun ló sì máa ń sọ pé, "Chirutha, ká ní igi ìdáná ni ìgbéraga rẹ, omi gbogbo ìpínlẹ̀ Kerala ni mi ò bá fi sè." Mo gbà fún ọ, Devaki. Máa rẹ́rìn-ín lọ. Ibi tí mo ń lọ báyìí, ẹ̀rín kò sí níbẹ̀.

Nítorí àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ní igbá kan lórí. Mi ò fẹ́ rù ú wọ ilé ìsinmi.

Nígbà tí agbára wà lára mi, mo ní òfin kan. Ẹni tí mo bá ń fi òróró pa lára kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Oníṣègùn àgbà kọ́ ló kọ́ mi o, èmi ni mo gbé e kalẹ̀. Mo máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ a máa jí atẹ́gùn, pé òróró kì í wọ ara ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn gbà mí gbọ́. Mo wí i títí èmi náà fi gbà á gbọ́.

Ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn, Ambujam bí àkọ́bí rẹ̀. Òun ló wọ sárì aláwọ̀ ewé lápá ọ̀tún yẹn. Ìyá rẹ̀, Madhavi, bá a wá síbí láti máa bójú tó o. Ní ọjọ́ karùn-ún, bí mo ṣe ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀, Ambujam ní, "Ìyá Chirutha, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ nǹkan kan." Mo ní, "Dákẹ́, kí òróró wọlé." Ní ọjọ́ kẹjọ, ó tún ní, "Ìyá, ẹ̀rù ń bà mí." Mo ní, "Ẹnu rẹ yìí ni kò jẹ́ kí ara rẹ balẹ̀. Pa á dé." Láti ọjọ́ náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi wá ń yangàn káàkiri pé ẹ wá wo ìyá ìkókó gidi, jẹ́jẹ́ bí òkúta!

Ní ọjọ́ kẹtàlá, lọ́sàn-án gangan, Devaki rí i nínú adágún ẹ̀yìn ilé, ó gbé ọmọ dání, omi ti dé orúnkún rẹ̀. Devaki rò pé èèwọ̀ omi tútù ló ń jẹ. Ó pariwo, "Ambujam! Ṣé o fẹ́ kí Chirutha pa wá ni? Ta ló ní kó o wẹ omi tútù?" Ambujam kò bojú wẹ̀yìn, ó ń wọnú omi lọ. Ìgbà yẹn ló yé Devaki. Ó bẹ́ sínú omi, ó fà á jáde tọmọtọmọ. Devaki, ẹ̀mí méjì lo gbà lọ́jọ́ yẹn. Mi ò tíì dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ ní gbangba rí. Mo dúpẹ́.

Ilé dàrú. Oníṣègùn àgbà pè mí, wọ́n ní, "Chirutha, kí ló ṣẹlẹ̀?" Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni mo sọ? Mo ti rí Madhavi láàárọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú abọ́ wàrà kíkan tútù, èyí tí ìyá ìkókó kì í jẹ. Mo nawọ́ sí i níwájú gbogbo ènìyàn, mo ní, "Ìyá rẹ̀ ló fún un ní wàrà kíkan. Òun ló gbé atẹ́gùn gun orí rẹ̀." Madhavi ní, "Èmi ni mo jẹ wàrà mi. Ṣé èmi ni mo bímọ ni?" Ta ló gbọ́? Ta ni Madhavi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chirutha?

Wọ́n gbé Ambujam lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ ní ìlú. Oògùn rẹ̀ àti òróró wa kò bá ara wọn jà, oṣù mẹ́fà ló gbà kí Ambujam tó tún rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà náà. Nígbà tí ọmọ pé ọdún kan, Ambujam wá bá mi. Kò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó ní, "Ìyá Chirutha, màmá mi ò fún mi ní nǹkan kan. Ohùn kan ló ń sọ fún mi pé ọmọ náà máa kú lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ ní kí òróró wọlé."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá dùbúlẹ̀ lórí pákó mi kí n fi òróró pa á lára pé, "Kí ló wà lọ́kàn rẹ?" Bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ju òróró lọ, ọjọ́ náà gan-an ni mo ń sáré bá Dókítà Hemalatha, òun náà á sì ránṣẹ́ sí ìlú. Kò tún sí ìyá kan tó wọ adágún mọ́. Ẹ pè é ní ọgbọ́n Chirutha, ẹ fi yìn mí, mo sì gba ìyìn náà. Ọgbọ́n Ambujam ni.

Ṣùgbọ́n n kò yọ ọ̀rọ̀ wàrà kíkan náà kúrò lọ́rùn Madhavi. Ojú ń tì mí. Nígbà tí Ambujam bí èkejì, ilé ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kí Madhavi wọ yàrá. Lónìí, Sarayu, ọmọ inú omi ọjọ́ náà, ti bímọ tirẹ̀. Ọ̀tunla ni ọmọ yóò pé ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, tí wọn yóò so okùn dúdú mọ́ ọn nídìí gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Mo sì gbọ́ pé wọ́n ti ní kí Madhavi má wá.

Ẹ̀gbọ́n Parukutty, ìyá ọkọ Ambujam, ẹ̀yin lẹ ń darí ilé náà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí irọ́ bá rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ mi fi ọdún mẹ́ta lé e. Madhavi kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo pa Ambujam lẹ́nu mọ́. Madhavi, ìwọ tó o jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn bí àlejò, mo kúnlẹ̀. Ẹ má gbé mi dìde, ẹ jẹ́ kí eékún náà mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ dákẹ́, Ẹ̀gbọ́n Parukutty ń sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn gbọ́? Wọ́n ní, "Kí Madhavi wá ní ọ̀tunla. Òun ni kó so okùn náà. Kó má pẹ́ dé o."

Madhavi náà ti dìde. Ó ní, "Èmi kì í pẹ́. Ẹ̀yin lẹ pẹ́, ọdún mẹ́tàlélógún."

Háà! Madhavi! Ó tún ń wò mí. Ó ní, "Chirutha, dìde, orúnkún rẹ ò dá a mọ́. Mi ò tíì dárí jì ọ́ tán. Wá sí ọ̀hún ní ọ̀tunla, ká jọ máa bá a lọ."

N óò wá. Lójú gbogbo yín ni mo ti ṣèlérí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí Ọlọ́run fún un ní ẹni tí yóò gbọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tí ẹ ń gba pákó lọ́wọ́ mi, kí ọwọ́ yín gbóná, kí etí yín sì ṣí. Ẹni tí a fi irọ́ dá lẹ́bi, kó má kú kí ìdáláre rẹ̀ tó dé. Ọmọ tí ẹ bí yóò sin yín. Ilé yìí kò ní di ahoro. Ẹ gbà mí gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí, ẹ sì gbọ́ mi dópin. Ẹ ṣé o.