Ọwọ́ Ọ̀rẹ́ Mi Kò Gbọ̀n, Èmi Ni Mo Ba Ohùn Gìtá Rẹ̀ Jẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó pẹ́ tí mo ti ń ka ojú ìwé yìí lórí fóònù mi. Èmi náà wà lára àwọn tó máa ń dá ẹlòmíì lẹ́bi níbí. Lónìí, ó kàn mí. Mi ò kàwé púpọ̀, bí ọ̀rọ̀ mi bá ń ta kókó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi.

Kumasi, ní Ghana, ni wọ́n bí mi sí. Bàbá bàbá mi ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Fante New Town ni mo ń gbé, Anloga Junction ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kan bẹ́ẹ̀dì àti àga. Èmi ni mo máa ń fi sáńpépà ha igi kí n tó kùn ún.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan. N ó pè é ní Kúnlé, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó gbà tọkàntọkàn pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo fi irọ́ yẹn sí i lọ́wọ́. Mo ti gbé e mọ́ra látìgbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀gá wa ń pè é padà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí, ó sì ń kọ̀ nítorí irọ́ mi. Ọ̀gá ní bó bá fi máa di ìparí oṣù tí kò dáhùn, òun á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Kúnlé ló máa ń gbẹ́ ọnà sórí bẹ́ẹ̀dì ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ń gbẹ́ ewé, ó ń gbẹ́ òdòdó. Bó bá gbẹ́ ẹyẹ, wàá fẹ́ súfèé sí i. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ, ibẹ̀ náà la ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan gìtá. Nígbà tó yá, a pàdé Bra Yaw, tó ń tún áńpù ṣe, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, nítòsí ibi iṣẹ́ wa. Ó ní ẹgbẹ́ olórin kan tó ń ṣe pọ́ńkì.

Àwa tó ń ta pọ́ńkì ní Kumasi kò pọ̀. Ìlù orin náà ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, olórin ń lọgun. Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa ní orin wèrè ni. Ṣùgbọ́n láàárín ariwo yẹn, gìtá kan máa ń jáde tí yóò máa kọrin lọ geere, tí ohùn rẹ̀ á dán bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Líìdì ni wọ́n ń pè é. Ohun tí èmi àti Kúnlé ń wá nìyẹn.

Bra Yaw kọ́ wa dáadáa. Èmi máa ń yí bọ́tìnì ariwo áńpù dé òpin, mo rò pé bí pọ́ńkì ṣe rí nìyẹn. Ó máa ń dá a padà sí ìdajì. Ó ní ariwo àpọ̀jù ń bo ohùn mọ́lẹ̀. Ó ní ká kọ́kọ́ fẹnu kọ líìdì náà ká tó fìka wá a. Pẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ike pẹlẹbẹ tí a fi ń ta okùn, ó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ká fi kàn án, ká má fi gbogbo ojú rẹ̀ gbá a. Bí a bá na okùn sókè, ká ní sùúrù kó dé ibi tó ń lọ ká tó mì ín. Okùn tí a kò tà, ká fọwọ́ bò ó kó má dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu Bra Yaw. Ó máa ń sọ pé, "Chale, ọ̀rẹ́, ohùn ò sí nínú gìtá, kò sí nínú áńpù. Ọwọ́ ni ohùn wà." A gbà á gbọ́ bí ẹsẹ Bíbélì. Bí ohùn ẹnikẹ́ni nínú wa bá burú, a kì í wo gìtá rẹ̀ rárá. Ọwọ́ rẹ̀ la máa ń wò. Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni mo gbà wọlé.

Kúnlé tètè mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ tó ti mọ igi gbẹ́ ti mọ bí a ṣe ń tẹ nǹkan jẹ́jẹ́. Ó lè di ohùn kan ṣoṣo mú kó gùn, kó dùn paa, kó tó fi í sílẹ̀. Èmi yára jù ú lọ, àmọ́ ohùn tèmi ń ha. Ìyá tó ń ta wáákyé, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù sọ fún mi lójú gbogbo ènìyàn pé, "Ọ̀rẹ́ ẹ ń kọrin, ìwọ ń la igi ìdáná." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo fi oúnjẹ tí mo rà sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó ń ta líìdì fún Bra Yaw kó lọ sí Takoradi. Bra Yaw ní òun máa mú ọ̀kan nínú àwa méjèèjì dípò rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú kan ló ní ká wá, lẹ́yìn ìsìn.

Mo ti mọ ohun kan tí Kúnlé kò mọ̀. Lábẹ́ okùn gìtá, irin òòfà kan wà tó ń gbọ́ ohùn tó ń gbé e lọ sínú áńpù. Ìdè kéékèèké ló dì í mú, èèyàn lè yí i sókè tàbí sísàlẹ̀. Ìgbà kan, mo yí ti gìtá mi sókè, mo rò pé bó bá sún mọ́ okùn, ohùn á ròkè sí i. Ohùn bàjẹ́. Bí irin òòfà bá sún mọ́ okùn jù, ńṣe ló ń fà á, okùn ò ní lè mì bó ṣe yẹ. Ohùn á máa gbọ̀n bí ohùn méjì tó ń jà, á sì kú kíá, pàápàá lókè ibi tí líìdì wà. Mo dá a padà, mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Ọ̀dọ̀ mi ni gìtá Kúnlé máa ń wà, torí màmá rẹ̀ kò fẹ́ orin wèrè nínú ilé wọn ní Tafo. Ó fọkàn tán mi. Lọ́sàn-án Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ náà, mo gbé gìtá rẹ̀ lé itan, mo mú sukudiráífà tí a fi ń ṣiṣẹ́, mo yí irin òòfà náà sókè títí ó fi kù díẹ̀ kó kan okùn. Ojú ò lè tètè mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n nígbà tí mo ń ṣe é. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nígbà míì.

Lọ́jọ́ Àìkú, èmi ni mo kọ́kọ́ ta tèmi. Nígbà tó kan Kúnlé, ó na okùn sókè bó ṣe máa ń nà án, ohùn náà wárìrì, ó kú. Ó dúró. Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni. Bra Yaw sún mọ́ ọn, ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Kúnlé, ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n," ó ní. "Kí ló ṣe é?"

Kúnlé gbé ọwọ́ náà sókè, ó ń wò ó. Bí gbogbo wa ṣe tẹjú mọ́ ọn, ọwọ́ náà gbọ̀n lóòótọ́. Ta ni ọwọ́ rẹ̀ ò ní gbọ̀n? Èmi ni Bra Yaw mú.

Mo sọ fún ara mi pé bí òde àkọ́kọ́ tí mo bá ẹgbẹ́ náà ṣeré bá ti kọjá, n ó dá irin náà padà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Kúnlé wá bá mi lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní kí n yá òun ní gìtá mi kí òun fi dán ọwọ́ òun wò. Ẹ jọ̀ọ́, mo lè fún un. Ìṣẹ́jú kan ni yóò fi mọ̀ pé kò sóhun tó ṣe ọwọ́ òun. Mo ní okùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já ni. Irọ́ ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá Kúnlé gbààwẹ̀. Pásítọ̀ pè é síwájú, wọ́n fi òróró pa ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, gbogbo ìjọ na ọwọ́ sí i. Èmi náà na ọwọ́. Mo wà láàárín àwọn olórin, gìtá wà lọ́rùn mi, mo sì ṣe Àmín pẹ̀lú wọn.

Àdúrà ò lè wo ohun tí kò ṣàìsàn. Lẹ́yìn ìsìn yẹn, ó tẹ̀ lé mi délé, ó tún ta gìtá rẹ̀, ohùn náà tún kú. Kò tà á mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tó yá, ó lọ bá ọ̀gá wa, ó ní òun ò gbẹ́ igi mọ́. Ó ní ọwọ́ tí kò lè di okùn mú, ṣé irin mímú ló máa dì mú? Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ títí. Ó lọ ń bá màmá rẹ̀ ta abọ́ àti korobá ní Tafo.

Èmi ń ta líìdì. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní purọ́ fún yín, mo wá mọ̀ ọ́n ta. Ohùn mi ti dán, kò ha mọ́. Àwọn èèyàn ń sọ pé ọwọ́ mi dùn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń na okùn, bí mo ṣe ń ní sùúrù fún un, ọ̀dọ̀ Kúnlé ni mo ti wò ó. Mo gba ipò rẹ̀, mo sì tún ń lo ọgbọ́n rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan gbé iṣẹ́ ilẹ̀kùn ńlá wá fún ọ̀gá wa, ilẹ̀kùn tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ọnà sí látòkè délẹ̀. Ọ̀gá ní Kúnlé nìkan ló lè ṣe é. Èmi ló rán sí i, torí ọ̀rẹ́ la jẹ́.

Mo bá òun àti ìyàwó rẹ̀ nílé. Ó ti gbéyàwó látìgbà tó ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n sì ti bímọ, ọmọkùnrin ni. Ọmọ náà ti fi èékánná ya ojú ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń dáná, ó gbé abẹ fún un, ó ní, "Bàbá ọmọ, bá mi gé èékánná rẹ̀." Kúnlé ò gbà á. Ó gbé ọmọ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì lọ dúró ti ìkòkò dípò rẹ̀. Ìyàwó náà ò tilẹ̀ jiyàn, ó jọ pé ó ti mọ́ ọn lára.

Mo jíṣẹ́ ọ̀gá. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ kò ṣeé ṣe.

Ó ní, "O ṣáà mọ ọwọ́ mi. Ìwọ gan-an wà níbẹ̀."

Ó bi mí léèrè gìtá rẹ̀. Mo ní ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ó ní kí n fún ẹni tó bá lọ́wọ́ tó dára. Ó sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọ tìrótìrò, bọ́ọ̀sì akérò wa, ó sì ní kí n kí àwọn tó wà níṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun tó ń dà mí láàmú báyìí nìyí. Bí mo bá yí irin náà sílẹ̀ nísinsìnyí, tí mo gbé gìtá náà lọ fún un, tí mo ní, "Tún dán an wò," ohùn á jáde. Á rò pé Ọlọ́run ti gbọ́. Á padà síbi iṣẹ́, á gé èékánná ọmọ rẹ̀. Màmá rẹ̀ á jẹ́rìí níwájú ìjọ, gbogbo wa á pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọkàn mi ń fà sí i, mi ò fẹ́ tàn yín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, mo tún ti yí nǹkan mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ọwọ́ náà bá sì rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan, bí irin bá yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń gbẹ́gi, á ní àìsàn òun ti padà. Àmọ́ bí mo bá jẹ́wọ́, mo mọ̀ pé n ó pàdánù rẹ̀. Ojú wo ni n ó sì fi wo màmá rẹ̀, tí wọ́n febi panú nítorí ohun tí mo ṣe?

Ẹ jọ̀ọ́, mepa mo kyɛw, bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ níbí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé òun nìkan ni kí n sọ fún, àbí iwájú ìjọ tó gbàdúrà ni kí n ti sọ ọ́? Ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́, ó tọ́ sí mi. Ẹ má kàn sọ pé kí n dákẹ́, torí mo ti dákẹ́ pẹ́ tó.

Ìwọ tí mo pè ní Kúnlé, bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé o ka èyí kí n tó nígboyà láti wá, má tíì ronú kàn mí. Èmi á wá, wàá bá mi sọ ohun tó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, gba iṣẹ́ ilẹ̀kùn yẹn. Kò sóhun tó ṣe ọwọ́ rẹ.