Fíìmù Tí Mo Ṣí Lọ́nà Ilé Onífọ́tò

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà nínú mi láti ìgbà ọmọge mi. Mo ti di ìyá àgbà báyìí. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi rí, mi ò sọ ọ́ fún ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ tí mo bí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi.

Ohun tó jẹ́ kí n la ẹnu mi nísinsìnyí ni pé lóṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ wa mú fóònù wá, ó fi àwòrán kan han bàbá rẹ̀ àgbà. Ìràwọ̀ ńlá méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn. Ọkọ mi wò ó títí. Ó ní, "Mo ya irú èyí rí. Sùnmọ́nù ló bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Mo dìde, mo lọ jókòó sí ilé ìdáná. Torí kì í ṣe Sùnmọ́nù. Èmi ni.

Láàárín àwọn ọdún 1970 ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìsẹ́yìn. Ọkọ mi, tí kò tíì di ọkọ mi nígbà yẹn, ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní ilé ìwé girama. Ọmọ ìlú Ìràwọ̀ ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ a sì máa fi orúkọ ìlú rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, torí ojú ọ̀run ló ń wò ṣáá. Ó ní kámẹ́rà kan tí òyìnbó tó ń padà sílé fi sílẹ̀ fún un. Káfíńtà bá a kan igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé e lé.

Nírọ̀lẹ́, a máa ń gun àpáta tó wà lẹ́yìn ìlú, lọ́nà Adó-Àwáyè. Àwọn ahunṣọ á ti palẹ̀ òfì wọn mọ́. Ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ ju igbe màlúù àwọn Fúlàní tó ń lọ sílé. Wọ́n ti sun pápá, òórùn koríko jíjó á máa fẹ́ sí wa nímú. A ó jókòó, a ó máa jẹ ẹ̀pà yíyan. Bí oòrùn bá ti wọ̀, Àgùàlà á yọ, èyí tí àwọn ìyá wa ń pè ní ajá òṣùpá. Ìràwọ̀ ńlá mìíràn wà lókè rẹ̀ díẹ̀. Ó ní Júpítà ni ìyẹn ń jẹ́.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, wò wọ́n dáadáa. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sún mọ́ ara wọn. Kò ní pẹ́ tí àtàǹpàkò rẹ kan ṣoṣo á fi bo àwọn méjèèjì."

Ojoojúmọ́ ni mo ń na àtàǹpàkò mi sókè. Bó bá ti tẹ kámẹ́rà, á máa ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Èmi náà á di èémí mi mú. Mo ti rí ohun púpọ̀ láyé, mo ti jó níbi ìgbéyàwó ọmọ, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ayọ̀ tó tù mí lára bíi ti orí àpáta yẹn.

Àsìkò yẹn ni tíṣà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wá sọ fún mi pé òun rí ọkọ mi tó ń ya nọ́ọ̀sì kan ní fọ́tò lẹ́yìn dísípẹ́ńsárì. Ó ní nọ́ọ̀sì náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí. Mi ò bi í léèrè. Mo kàn ń gbé e kiri nínú.

Ní ọjọ́ tí ìràwọ̀ méjèèjì sún mọ́ra jù lọ, ọkọ mi yà wọ́n, inú rẹ̀ sì dùn débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun lè má rí irú rẹ̀ mọ́ títí òun á fi hewú. Lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè, ó wá gbé kámẹ́rà náà lé mi lọ́wọ́.

"Bá mi gbé e lọ fún Sùnmọ́nù kó bá mi fọ fíìmù inú rẹ̀. Jọ̀ọ́, má ṣí i o."

Sùnmọ́nù ni onífọ́tò tí gbogbo wa ń lọ bá. Òun ló ń ya àwòrán ilé ìwé girama ọkọ mi lọ́dọọdún.

"Má ṣí i" yẹn ló kó bá mi. Mo ní lọ́kàn mi pé nọ́ọ̀sì ló wà nínú rẹ̀. Mo dúró lábẹ́ igi òrí kan, mo ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo rò pé màá rí àwòrán níbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìwé ni. Mo fa fíìmù náà jáde, mo gbé e sójú oòrùn. Mi ò rí nǹkan kan. Mo tún un ká wọlé, mo pa á dé, mo gbé e fún Sùnmọ́nù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, èmi àti ọkọ mi jọ lọ gbà á. Fíìmù náà dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Sùnmọ́nù ní, "Tíṣà, ìmọ́lẹ̀ ti wọ̀ ọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi." Ó wá yíjú sí mi. "Àǹtí, ẹ ò ṣí i lọ́nà?"

Mo ní, "Èmi kẹ̀? Kí ni mo mọ̀ nínú kámẹ́rà?"

Ọkọ mi kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó pariwo lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ará àdúgbò pé lé wa lórí. Sùnmọ́nù ń búra, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ìròyìn tàn kálẹ̀ pé ọtí ló máa ń mu wọ yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fíìmù, bẹ́ẹ̀ mùsùlùmí tí kì í fẹnu kan ọtí ni. Ilé ìwé gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ó ti kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Kómu, ó lọ ń dáko ọkà bàbà.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó wa ni ọkọ mi sọ fún mi pé àwòrán mi ló kún ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù yẹn, ṣáájú ti ìràwọ̀. Ó ti ń yà mí láìjẹ́ kí n mọ̀, ó fẹ́ gbé e lọ han ìyá rẹ̀. Ti nọ́ọ̀sì, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló bẹ̀ ẹ́ pé kó yà fún òun. Mo sunkún, ó rò pé ayọ̀ ni.

Nígbà tó yá, mo pàdé Sùnmọ́nù lọ́jà Kómu. Ọwọ́ rẹ̀ ti le bí èèpo igi. Ó kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó ní, "Ìyàwó Tíṣà, ẹ bá mi sọ fún wọn, èmi kọ́ ni mo ba fíìmù yẹn jẹ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dá a lóhùn. Mo ní, "Ó ti pẹ́, Bọ̀dá Sùnmọ́nù. Ọkọ mi ti dárí jì yín."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Títí di òní, ọpẹ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn.

Mo ti wádìí, Sùnmọ́nù ṣì wà láàyè, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé. Ọkọ mi náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àyà rẹ̀ kò sì gba ìjayà mọ́. Bí mo bá sọ fún ọ̀kan, èkejì á gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ka ọ̀rọ̀ mi dé ibí, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún?